Ẹ̀yin alága ọlọ́kadà, ẹ bá wa wo ẹ̀yìn ike ọ́ìlì

Sí ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti gbogbo olóyè ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní gbogbo páàkì ilẹ̀ Yorùbá.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí. Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nísàlẹ̀ òkè Màpó níbẹ̀. Láti ayé Suzuki AX100 tó máa ń rú èéfín bí ẹni tó ń sun oko ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì, títí ó fi kan ayé Bajaj Boxer tó gba gbogbo ìgboro lónìí. Mi ò kọ lẹ́tà yìí sí gómìnà, mi ò kọ ọ́ sí alága káńsù. Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, torí ẹ̀yin ni ọlọ́kadà kọ́kọ́ ń fojú kàn láàárọ̀ kó tó rí èrò kankan gbé. Ẹ̀yin lẹ ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ohun tí ẹ bá sì sọ ní páàkì, kì í pẹ́ tó fi ń di òfin. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo bá wá.

Oníbàárà mi kan wà, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n gbé Boxer tuntun fún un, gbà-á-kí-o-máa-san-án-díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń kó owó ọ̀sẹ̀ lọ fún olówó. Ó mọ́ tọ́ńtọ́ń, máṣíìnì rẹ̀ náà sì mọ́. Kò sí àárọ̀ tí kì í fi àkísà nù ún kó tó jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fọwọ́ ti máṣíìnì náà wá bá mi, òógùn bò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, kò gun òkè mọ́."

Mo gbé e, mo kọjú rẹ̀ sí òkè Màpó. Jíà kejì ni mo fi sí. Mo fún un níná. Ẹ́ńjìnnì ké tòò, àfi bí ẹran tí wọ́n fẹ́ so lókùn, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń sáré, máṣíìnì ń rìn. Ọmọdébìnrin kan tó gbé omi sórí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ṣáájú mi dókè.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún wáyà kílọ́ọ̀ṣì ṣe, bákan náà ló rí. Mo bá tú ọ́ìlì rẹ̀ dà sílẹ̀, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde sí mi, òórùn bí ìgbà tí ìwé àti rọ́bà bá jóná pọ̀. Àwọn pléètì tó yẹ kó rí háráhárá bí ahọ́n màlúù ti ń dán bíi dígí. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín wọn ti ta àwọ̀ aró. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ̀ pé iná nìkan ló ń ṣe irin báyẹn. Máṣíìnì náà kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà.

Mo bi í pé irú ọ́ìlì wo ló rọ sí i. Ojú rẹ̀ tàn yẹ́ẹ́. "Ọ̀gá, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà. Ti jíìpù àwọn olówó ni. Ẹni tó tà á fún mi ní tí mo bá ń lo èyí, máṣíìnì mi ò ní gbó láéláé." Ike náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń gbé epo bẹntiróò sábẹ́ ìjókòó. Mo gbà á, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Àmì róbótó kan wà níbẹ̀. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ API Service SN. Láàárín, wọ́n kọ SAE 5W-30. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-rín, wọ́n kọ Resource Conserving.

Ọ̀rọ̀ méjì tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló jó kílọ́ọ̀ṣì ọmọ ọlọ́mọ.

Kì í ṣe pé ọ́ìlì náà burú. Ọ́ìlì gidi ni, tí a bá rọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ṣe é fún. Ohun tí Resource Conserving ń sọ ni pé wọ́n ti fi èròjà kan sí i tó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí mọ́tò má baà mu epo púpọ̀. Fún mọ́tò, àǹfààní ńlá ni. Nínú mọ́tò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ní ọ́ìlì tirẹ̀, jíà ní tirẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò sì fẹ́ fojú kan ọ́ìlì rárá. Gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́. Tí ọ́ìlì bá fi lè kán sí i lára, a jẹ́ pé ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kadà ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀kadà wa, ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì, àwo kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹun. Lítà kan péré yẹn ló ń gòkè lọ bá písítìn nínú iná, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá eyín jíà, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì rì sí bí ẹni tó rì sódò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fẹ́ràn oúnjẹ kan náà. Písítìn fẹ́ ohun tó ń yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì fẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí pléètì di pléètì mú, kí agbára ẹ́ńjìnnì lè dé táyà. Tí ọ́ìlì bá ti yọ̀ jù, pléètì á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọn á gbóná, wọn á jó. Ohun tí mo rí lójú òkè Màpó lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Jíà náà ní tirẹ̀. Nínú ọ́ìlì bíi 20W-50, èròjà kan wà tó gùn bí òwú, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn bí omi tí ooru bá mú un. Eyín jíà ń gé òwú yìí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì ọ̀kadà fi tètè ń rẹ̀ ju ti mọ́tò lọ. Ọlọ́kadà á rọ ọ́ìlì tó ki, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti di ohun tó ń ṣàn gọ́rọ́gọ́rọ́, kò sì ní mọ̀, torí pé kì í wo inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò ń fi èròjà tó ń yọ̀ yìí kún ọ́ìlì wọn, àwọn ará Japan tí wọ́n ń ṣe ọ̀kadà rí i pé kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tiwọn kalẹ̀ fún ọ́ìlì ọ̀kadà, JASO ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n ń fi kílọ́ọ̀ṣì gan-an dán ọ́ìlì wò, wọ́n sì ń fi lẹ́tà sí i lára. MA ni èyí tí kò ní jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. MA2 ni èyí tó di kílọ́ọ̀ṣì mú jù nínú ìdílé MA. MB ni èyí tó yọ̀, tó dára fún àwọn sìkútà tí kò ní jíà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí, tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Inú àpótí kékeré onígun mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn ike.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà oníjíà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó ń fa kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì, JASO MA tàbí MA2 ni kó máa wá. Èyí ṣáájú iye owó, ó sì ṣáájú orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lójú ike. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ níbẹ̀: àwọn máṣíìnì tuntun kan wà tí àwọn tó ṣe wọ́n kọ MB sínú ìwé wọn, torí pé wọ́n ti to kílọ́ọ̀ṣì wọn fún un. Ohun tí ìwé máṣíìnì bá sọ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ohun tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ.

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì mọ́tò ni mo ti ń lò láti ọdún yìí wá, kílọ́ọ̀ṣì mi ò sì yọ̀." Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọ́ìlì tó ṣàn, bíi 5W-30 àti 10W-30 ti mọ́tò, ni wọ́n sábà máa ń kọ Resource Conserving sí. Ọ́ìlì mọ́tò tó jẹ́ 20W-50 kì í ní in, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló sì ti fi í rìn lálàáfíà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi kílọ́ọ̀ṣì dán an wò kó tó jáde. Tí èyí tí wọ́n ti dán wò bá wà nítòsí, kí ló dé tí a óò fi máṣíìnì tí a kò tíì san tán dán èyí tí wọn ò dán wò wò?

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ lórí nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú 20W-50, lẹ́tà W yẹn, òtútù ló ń sọ, ọ̀rọ̀ ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ni. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá ṣe kéré sí ni ó ṣe ń yára ṣàn sí. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ooru bá ti mú un dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru tí omi fi ń hó. Boxer tó gba ìgboro wa yìí, 20W-50 ni àwọn tó ṣe é ní Íńdíà sọ pé kí a máa rọ sí i, ó sì bá ooru ilẹ̀ wa mu. Máṣíìnì mìíràn lè jẹ́ 10W-40, òmíràn 10W-30. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ wa pé èyí tó bá ki jù ló dára jù. Ọ́ìlì tó bá ki kọjá ohun tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì fún kì í tètè dé òkè níbi tí fáàfù wà. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ọlọ́kadà bá ta ẹsẹ̀ sí i, tó sì fún un níná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, irin ń ha irin kí ọ́ìlì tó débẹ̀.

Ẹ ronú sí i. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kì í yí tó ìdajì ìyẹn. Kò sì sí omi tó ń tu ti ọ̀kadà lára. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì náà ni. Lítà kan péré ni, tàbí díẹ̀ lé, nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì wa. Mọ́tò ń gba lítà mẹ́rin, ó sì ń gbé iṣẹ́ tó fúyẹ́ fún un.

Nípa lẹ́tà API, ìyẹn àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe òṣùwọ̀n ọ́ìlì, S ni ti ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróò, C sì ni ti dísù. Lẹ́tà tó bá tẹ̀lé S, bó bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì náà ṣe jẹ́ ti òde òní tó: SG, SJ, SL, SM, SN, títí dé SP tó jáde ní 2020 àti SQ tó tẹ̀lé e ní 2025. Tí ẹ bá rí SA lára ike, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ. Àwọn API fúnra wọn sọ pé kò sí èròjà ìdáàbòbò kankan nínú rẹ̀, àti pé kò yẹ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. Bàbá bàbá ẹni tó ń gun ọ̀kadà lónìí lè má tíì dáyé nígbà náà.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan nípa àwa mẹkáníìkì náà. Èmi alára, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ́ìlì mọ́tò ló lágbára jù. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ́ìlì mọ́tò àti ti ọ̀kadà kò tíì pínyà. Ayé ti yí, ọ̀pọ̀ wa kò yí pẹ̀lú rẹ̀. A ṣì ń fi ìka méjì ra ọ́ìlì, à ń sọ pé, "Èyí ki, èyí dára." Ìka kò lè mọ MA yàtọ̀ sí MB. Ìka kò lè mọ̀ bóyá èròjà inú rẹ̀ ti kú. A tún máa ń sọ pé ọ́ìlì tó bá tètè dúdú, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ́ìlì gidi, èròjà kan wà bí ọṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọ ẹ̀gbin ara písítìn, kó sì gbé e dání títí a ó fi tú u dà. Ọ́ìlì tó dúdú nítorí pé ó ń fọ ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọ́ìlì tó bá wà nínú ẹ́ńjìnnì fún oṣù méjì tó ṣì pupa fòò, òun ni kó bà yín lẹ́rù.

Àwọn kan nínú wa sì wà tí ọlọ́jà ọ́ìlì ń fún ní owó lórí ike kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá a tà. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó bá bi mẹkáníìkì léèrè irú ọ́ìlì tó yẹ, tó sì gba ìdáhùn, ó yẹ kó lè yí ike náà padà kó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Lẹ́tà méjì péré ni, M àti A. Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé rárá lè mọ̀ wọ́n bí ó ṣe mọ àmì orí owó.

Ayédèrú wà lóòótọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tí a ti lò tí a tú dà, ń lọ. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ wa láti fi kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ìyẹn kò burú. Àwọn mìíràn ń rà á, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pa á láró, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike òfìfo tó ní orúkọ ńlá lójú, wọ́n á tún tà á fún wa. Níbo ni wọ́n ti rí ike òfìfo? Lọ́wọ́ wa ni. Àwọn ọmọ tó ń ṣa ike ní ṣọ́ọ̀bù wa ló ń tà á fún wọn. Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń fi sípánà gbígbóná lu ihò sí ìdí gbogbo ike tí mo bá tú ọ́ìlì inú rẹ̀ tán. Àwọn aṣake ń bínú sí mi. Kí wọ́n máa bínú.

Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n ní ife létí títì, ẹ bá mi kà á léèwọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Kò ní ẹ̀yìn ike tí ènìyàn lè kà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ọlọ́kadà ń rà á torí pé owó ike odidi kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ náà. Mo mọ̀, ebi ń pa á. Ibi tí ẹ̀yin ti lè ràn án lọ́wọ́ gan-an nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọmọ yẹn. Ó ra pléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun, mo bá a tún un ṣe, mi ò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rí owó pléètì kó jọ, ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Olówó kò mọ ohun tó ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Owó ọ̀sẹ̀ méjì kò wọlé, ó wá gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ti san láti ìbẹ̀rẹ̀ wọgbó. Ọjà Bódìjà ló wà báyìí, ó ń ru ẹrù. Ọ́ìlì tó wọ́n jù ló rà. Kò ṣe ìmẹ́lẹ́, kò ṣe ahun sí máṣíìnì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ fi ike ọ́ìlì kan tó ní JASO MA kọ́ sára òpó ní páàkì, níbi tí ẹ ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi máákà pupa yí àpótí MA po. Kí gbogbo ọlọ́kadà máa rí i lójoojúmọ́ títí ojú wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ tuntun tó bá wá forúkọ sílẹ̀, ẹ mú un débẹ̀ kí ẹ tó fún un ní àpọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ́ yín lágbára láti ra ọ́ìlì ní páálí, kí ọmọ ẹgbẹ́ gba ike odidi kan, kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, dípò kó lọ máa wọ̀n ọ́n ní ife. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìnáwó àti ìsìnkú.

Ẹ bá wa bá àwọn tó ń ta máṣíìnì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ìwé ńlá kan máa ń bá máṣíìnì tuntun wá, Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ò sì ṣí i rí. Kí wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá: irú ọ́ìlì, iye lítà, iye kìlómítà tí a ó fi tú u dà. Ìlà mẹ́ta péré. Ẹgbẹ́ tó ń kó oníbàárà ọgọ́rùn-ún wá sílé ìtajà kan lẹ́ẹ̀kan, wọn ò lè má gbọ́ tirẹ̀. Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, mo bẹ ẹ̀yin náà, tí àwọn alága bá mú ayédèrú wá bá yín, ẹ dá wọn lóhùn kíákíá.

Nípa ìgbà tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì, oṣù kọ́ ni ká máa kà, kìlómítà ni. Tí ìwé máṣíìnì bá ní 2,000 kìlómítà, tí ọlọ́kadà sì ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, ogún ọjọ́ ló tó o. Ẹni tó ń fi máṣíìnì lọ sí ibi iṣẹ́ tó sì ń fi í padà wálé lè lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ. Àwọn méjèèjì ò lè máa sọ pé "oṣooṣù ni mo ń ṣe sáfíìsì" kí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Ní ti máṣíìnì tuntun, ọ́ìlì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀, torí pé eérú irin ló kún inú rẹ̀ bí àwọn nǹkan tuntun ṣe ń ha ara wọn.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n máa fa gééjì ọ́ìlì yọ láràárọ̀. Kí wọ́n gbé máṣíìnì sórí ìdúró rẹ̀ ti àárín, níbi tó tẹ́jú. Kí wọ́n tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n nu gééjì, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́, kí wọ́n fà á yọ wò. Àárín ìlà méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì dúró sí. Àwọn máṣíìnì kan ní dígí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì dípò gééjì. Ẹni tó bá rọ ọ́ kọjá ìlà òkè, inú rere kọ́ ló ṣe sí ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì á máa hó bí ọṣẹ, á máa tu jáde sí fílítà afẹ́fẹ́, máṣíìnì á sì wúwo.

Kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù náà, ẹ bá wa wá dírọ́ọ̀mù kan sí páàkì kọ̀ọ̀kan fún un. Gọ́tà ni ọ̀pọ̀ wa ń dà á sí, gọ́tà sì ń gbé e lọ sínú odò. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí a tú dà lára mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Kànga wà nílé wa, àwọn ọmọ wa ń mu ún. Dírọ́ọ̀mù tó bá ní kọ́kọ́rọ́, tó wà lábẹ́ ojú alága, kò ní rọrùn fún àwọn tó ń fi kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ṣe ayédèrú láti rí rà.

Ike tí ọmọ yẹn gbé wá ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti fi máákà pupa yí Resource Conserving po lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ike mìíràn tó ní JASO MA tì í, mo sì so pléètì kílọ́ọ̀ṣì tó jóná náà mọ́ wọn lọ́rùn. Alága tó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kó wá gbé wọn. Kó sáà dá wọn padà fún mi, torí alága mìíràn lè ń bọ̀ wá gbà wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.